Bàbá Àpápá àti Kíbọọ̀dù Faransé

Bí àwọn èèyàn bá ń ròyìn ìlú òkèèrè tí wọ́n gbé, ọkọ̀ òfúrufú àti yìnyín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Èmi náà gbé ìlú òkèèrè, ṣùgbọ́n mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú débẹ̀. Òkókómáíkò ní Èkó ni òkè òkun tèmi, inú kóòdù rúùmù ẹja ni mo sì ti rí yìnyín. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tó jẹ́ pé Yorùbá la fi ń sọ̀rọ̀ nílé, Faransé la fi ń kàwé. Ẹni tó bá tètè jí ní Pọ́bẹ̀ lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Ọ̀jọ́. Síbẹ̀, ìlú òkèèrè ni. Téèyàn bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ báyìí, owó yàtọ̀, ọlọ́pàá yàtọ̀, ìwé tó kà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, orúkọ rẹ̀ pàápàá á yí padà.

Tèmi yí padà lọ́jọ́ tí mo dé. Kútọnú ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa wá. Mo ṣàlàyé títí pé Pọ́bẹ̀ kì í ṣe Kútọnú, pé èmi gan-an ò mọ Kútọnú dáadáa. Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Kútọnú." Mo bá ń jẹ́ ẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ti rò pé ibi téèyàn ò ti gbọ́ èdè ni ìlú òkèèrè. Àwọn tó ń pe èrò sí Ìyànà-Ìbà, àwọn tó ń ná ọjà, àwọn tó ń bú ara wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi, mi ò sì mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Bí èmi bá wá lanu, wọn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Yorùbá mi dà bí ti ìyá àgbà wọn, wọ́n tún ní mo máa ń fi "mẹsí" dúpẹ́. Mo bá dín ọ̀rọ̀ sísọ kù.

Ní Alábà, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to rédíò sí títí kan òrùlé, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Pọ́bẹ̀, gbogbo agbolé ló ń jókòó ti rédíò kan. Mo wò ó títí oníṣọ́ọ̀bù fi bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní mò ń wòran ni. Ó ní, "Ṣé ìran ò sú ẹ ni?" Kò sú mi lóòótọ́. Mo ti gbé apá ibẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún báyìí, kò tíì sú mi í wò.

Ẹ̀rù kan wà tó bá mi wọ Èkó, ọwọ́ Màámi ni mo ti gbà á. Nígbà kan tí mo ṣì kéré, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àjèjì, àbúrò Màámi sì wà lára àwọn tí wọ́n lé. Ó wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án gangan, fáànù orí tábìlì kan ló gbé dání, kò rí nǹkan míì gbé. Àwa ò sì ní iná mànàmáná nígbà náà. Màámi gbé fáànù yẹn sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń nù ún bí ẹni ń nu àwo tánganran, kò sì fẹ́ lójú wa rí. Nígbà tí mo wá ní èmi náà ń lọ sí Èkó, fáànù yẹn ló kọ́kọ́ wò kó tó wò mí.

Nítorí náà, bí mo bá pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan wà tí kì í gbàgbé. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan wà lẹ́bàá títì ní Òkókómáíkò, ibẹ̀ ni mo ti ń pe ilé ìfìwéránṣẹ́ Pọ́bẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Músíè á rán èèyàn lọ pe Màámi, èmi á sì tún padà pè. Ọmọge tó ń bá wa tẹ nọ́ńbà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ohùn mi kì í gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rárá. Ó ní ó máa ń kọ́kọ́ lọ sí òkè òkun, ilẹ̀ àwọn òyìnbó, kó tó padà wá sí Bẹ̀nẹ̀. Mo ní kí ló fà á. Ó ní bí wọ́n ṣe so ó nìyẹn. Mo dúró, mo ń wo fóònù lọ́wọ́ mi. Ohùn mi ti dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé, ó tún wá yà kí Màámi.

Ìrìn-àjò yẹn ló ń jẹ́ kí ohùn wa máa kọlu ara wọn lójú ọ̀nà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Màámi á rò pé mo ti dákẹ́, òun náà á bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì ò wá ní gbọ́ nǹkan kan. A bá fẹnu kò pé ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ parí kó wí pé ó tán. Màámi gbà, ṣùgbọ́n ó ń fi kún gbogbo gbólóhùn.

"Ṣé o jí dáadáa? Ó tán. Ṣé o ń jẹun? Ó tán. Wọn ò tíì lé ọ? Ó tán."

"Wọn ò tíì lé mi, Màámi. Ó tán."

Yàrá kan ni mo gbà ní Igbó-Elérin, nínú ilé gígùn tí gbogbo yàrá kọjú síra. Mo máa ń jáde ní ìdákẹ́jẹ́, mo máa ń wọlé ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin ilé á wà nídìí kànga, wọn á máa sọ̀rọ̀, bí mo bá ti yọ báyìí, wọn á dákẹ́. Ó dùn mí. Mo ní ṣebí àwọn ni onílé, èmi ni àlejò, kí ló dé tí wọn ò lè fi ẹnu kan kí mi? Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, ojú mi á sì kún fún omi. Nínú gbogbo ará ilé, Bọ̀dá Kúnlé nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, aláṣọ funfun, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ amúǹkan-dì ní kóòdù rúùmù ẹja kan ní Òkókómáíkò. Òun ló kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé.

Ó ní, "Kútọnú, ṣé o mọ̀wé tẹ̀?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, pé mo kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ti Faransé?"

Mo ní kò sí òmíràn tí mo mọ̀.

Ó ní, "Wẹ̀, kí o bá mi kálọ. Ọ̀gá wa ra nǹkan kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ọ̀gá rẹ̀ ni Alhaja, obìnrin Ṣàgámù, aláwọ̀ dúdú tó ga, tí kì í gbé ohùn sókè rárá, tí gbogbo èèyàn sì ń gbọ́ ọ. Ó jókòó nínú ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù rúùmù, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì.

"Alábà ni mo ti rà á. Tòkunbọ̀ ni. Wọn ò sọ fún mi pé Kútọnú ló gbà wọlé. Gbogbo ọmọ tí mo ní kó tẹ̀ ẹ́, tó bá tẹ 'a', 'q' ló ń jáde."

Mo wo ìlà àkọ́kọ́ lórí kíbọọ̀dù náà: A, Z, E, R, T, Y. Ṣe ni ó dà bíi pé mo pàdé ará ilé wa nínú ọjà. Ní ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe ń tò. Ní Èkó, Q ló ń jókòó sí ibi tí A wa ń jókòó. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo tẹ orúkọ Alhaja, mo tẹ orúkọ ẹja tó wà lára páálí, títúsì, kòtè, ṣáwá, pánlá, kò sí ọ̀kan tó ṣì. Alhaja wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n mú súwẹ́tà wá, nítorí pé ọ́fíìsì náà máa ń tutù.

Bí mo ṣe rí ìjókòó ní Èkó nìyẹn. Mo mọ ohun tó gbé mi jókòó, kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé tẹ̀ ju àwọn ọmọ Ìyànà-Ìbà lọ. Kíbọọ̀dù yẹn ló gbà mí síṣẹ́, ọjọ́ tó bá kúrò lórí tábìlì, èmi náà á kúrò ńbẹ̀.

Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá ló ń kó ẹja wá láti òkè òkun fún àwọn bíi Alhaja. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀, gbogbo wọn á lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó bá pẹ́, ṣáwá ni yóò bá, títúsì á ti tán. Ilé-iṣẹ́ náà wá ní àwọn ti ní kọ̀ǹpútà ńlá kan, pé ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àti láìnì tẹlifóònù lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó ti ibẹ̀ mú ẹja tó fẹ́ rà. Alhaja ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá rán Ẹnjiníà Díran sí wa.

Ẹnjiníà Díran kì í jókòó. Ìdúró ló fi ń ṣiṣẹ́, ìdúró ló fi ń jẹun. Ó so àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ módẹ̀mù mọ́ wáyà tẹlifóònù wa, ó ki ètò kan bọ inú kọ̀ǹpútà, ó wá ṣàlàyé fún mi.

"Ètò yìí á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín máa ṣe bí ẹni tí kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Ohun tí họ́ọ̀sì bá sọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní Àpápá, òun ló máa gbé sójú. Ohun tí ẹ bá tẹ̀, ó máa gbé e lọ fún họ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ rò ó, kò gbọdọ̀ fi tiẹ̀ kún un."

Mo ní, "Ẹnjiníà, iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ síwájú. Ó ní àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe máa yára tó, iye ègé tí wọ́n máa gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí, àti bóyá wọ́n máa fi ègé kan ṣẹ̀rí pé àwọn yòókù ò ṣì lọ́nà. Ó fi ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ hàn mí. Ó ku ká pe Àpápá wò, ṣùgbọ́n láìnì kú lọ́jọ́ náà. Ó ní tó bá jí, ká pè é, pé bí ohunkóhun bá rú wa lójú, ká fóònù òun.

Bọ̀dá Kúnlé bi mí pé kí ni họ́ọ̀sì. Mo ní òun ni àgbà, òun ló mọ gbogbo nǹkan, òun la máa ń bi. Ó ní, "Bàbá Àpápá nìyẹn." Orúkọ tó ń jẹ́ títí tó fi parí iṣẹ́ nìyẹn.

Láìnì jí nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ ẹja tuntun dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Alhaja gbé nǹkan kan wọlé nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí firísà. Kíbọọ̀dù òyìnbó tuntun ni, ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ti rà á ní Alábà.

Ó ní, "Mi ò kórìíra rẹ o, Kútọnú. Ṣùgbọ́n tí nǹkan yìí ò bá sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó wọlé, kíbọọ̀dù yìí ni mo máa lò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ ìwé títẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà ló sì máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè jẹ́ kí títúsì kọjá mi."

Ara mi tutù ju kóòdù rúùmù lọ. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Mo pe Àpápá. Módẹ̀mù náà ké, ó han, ó hó bí epo tí wọ́n da omi sí, ó sì dákẹ́. Ojú ẹ̀rọ wí pé a ti débẹ̀. Mo na ọwọ́ sí kíbọọ̀dù, Alhaja gbá ọwọ́ mi mú.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn, àwa là ń wá ẹja. Jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ná."

A káwọ́ sẹ́yìn, a dúró. Bàbá Àpápá ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, láìnì já. Mo tún un pè, ó tún ké, ó tún dákẹ́, a tún dúró. Bọ̀dá Kúnlé ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Láìnì tún já. Alhaja ní bóyá wọ́n ń jẹun ní Àpápá.

Ẹnu módẹ̀mù ni wáyà tẹlifóònù wa wà, Alhaja ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú ohun tí Ẹnjiníà so. Mo bá sọdá títì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, mo fóònù Ẹnjiníà Díran. Mo ní Bàbá kò dá wa lóhùn.

Ó ní, "Kí lẹ tẹ̀?"

Mo ní, "A ò tẹ nǹkan kan. À ń retí kó sọ̀rọ̀ ni."

Mo mọ̀ pé ó ń gbé ẹ̀rín mì. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ lọ sílé ẹ̀. Ta ló ń kágò, ẹni tó wá ni àbí ẹni tó wà nínú ilé? Ẹ tẹ Ẹ́ńtà bíi mélòó kan. Ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ bí ẹ ṣe yára tó, á wá dá yín lóhùn."

Mo dúró pẹ́ létí títì kí n tó sọdá padà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ò mọ Ọ̀jọ́, wọn ò mọ Pọ́bẹ̀, wọn ò gbọ́ pé à ń kágò rí. Síbẹ̀, ẹ̀rọ wọn jókòó sínú ilé rẹ̀ ní Àpápá, ó ń retí kí àlejò kágò. Mo wá rántí àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga ní Igbó-Elérin.

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé, Bọ̀dá Kúnlé sì wo Alhaja. Ó ní, "Ẹ ò rí i, mà? A ò kí wọn." Mo pè, mo tẹ Ẹ́ńtà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àpápá dáhùn, ṣùgbọ́n wúruwùru ló sọ. Àwọn lẹ́tà kan jáde bó ṣe yẹ, àwọn míì dé fìlà, àwọn míì di ìlà àti igun. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ bí Bàbá ṣe ń gé lẹ́tà tirẹ̀. Mo lọ sí ojú ewé tó fi hàn mí. Ègé mẹ́jọ ni ètò tiwa ń gé lẹ́tà sí, méje ni Bàbá Àpápá ń gé tirẹ̀, ó wá ń fi ìkẹjọ ṣẹ̀rí. Mo sọ tiwa di bẹ́ẹ̀, mo tún pè, mo tún kágò.

Ó wá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sí Àpápá tó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wá bá wa. Ó kí wa káàbọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi wá pé ta ni. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo ti rí rédíò, mo ti rí tẹlifíṣọ̀n, àwọn yẹn ò béèrè ẹni tí mo jẹ́ rí.

"Dá wọn lóhùn," Alhaja sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sọ pé Alhaja ni."

Mo tẹ ALHAJA. Ohun tó jáde ni QLHQJQ.

Alhaja ní, "Ta nìyẹn?"

Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, QLHQJQ ló tún jáde. Nínú ètò tí mo fi ń kọ ìwé ẹja, A ń jẹ́ A. Nínú ètò tuntun yìí, kíbọọ̀dù mi ti di ti òyìnbó láìsọ fún mi. Mo wá ọgbọ́n, mo tẹ Q níbi tó yẹ kí n tẹ A, orúkọ jáde. Ṣùgbọ́n pásíwọọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ilé-iṣẹ́ náà fún wa, kì í hàn lójú ẹ̀rọ, ó ní lẹ́tà, ó ní nọ́ńbà, ọwọ́ mi sì ti mọ́ nọ́ńbà tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Àjàṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, Bàbá Àpápá já láìnì mọ́ wa lójú.

Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ó lé wa jáde."

Alhaja ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó wo firísà, ó ní, "Ọ̀la ni ọkọ̀ ń wọlé. Kí ó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo fẹ́ mọ èwo ni màá ṣe."

Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́, mo tún yà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹnjiníà Díran ni mo kọ́kọ́ pè. Mo bi í bóyá ètò yẹn gbọ́ Faransé. Ó ní òun ò mọ̀, kò sẹ́ni tó bi òun rí, ó ní kí n wo ojú ewé kíbọọ̀dù, kí n má fọwọ́ kan ìyókù. Lẹ́yìn náà, mo pe Pọ́bẹ̀.

"Ṣé o wà dáadáa? Ó tán. Wọn ò tíì lé ọ? Ó tán."

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn, Màámi sì rò pé òkun ló fa ìdúró náà. Mo ní, "Wọn ò tíì lé mi." Mo gbàgbé láti sọ pé ó tán. Ó ń dúró, èmi náà ń dúró, àkókò tí mo san owó rẹ̀ sì pé.

Nígbà tí mo dé Igbó-Elérin, àwọn obìnrin wà nídìí kànga. Wọ́n rí mi, wọ́n dákẹ́. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ẹni tó ń fa omi ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Háà, Kútọnú ní ohùn. Àwa rò pé o ò gbọ́ èdè wa ni, a ò fẹ́ dójú tì ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní àga kékeré kan, wọ́n bi mí ní ìlú mi, nígbà tí mo sì sọ Pọ́bẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní ìyá ìyá òun ti ibẹ̀ wá. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo jẹ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀, mo dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ṣí ojú ewé kíbọọ̀dù. Orúkọ ìlú ló kún ibẹ̀, wọ́n tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀: ti Amẹ́ríkà, ti Ìlú Ọba, ti Jámánì, ti àwọn ibi tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Láàárín wọn, mo rí Faransé.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí. Ẹnì kan jókòó níbì kan ní òkè òkun, ó ń kọ ètò. Kò mọ̀ mí, kò mọ̀ pé ọmọ Pọ́bẹ̀ kan máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ní Òkókómáíkò, tí kò ní gbọ́ kíbọọ̀dù míì. Síbẹ̀, ó ti fi àyè sílẹ̀ fún mi kí n tó dé. Omi bọ́ lójú mi sórí kíbọọ̀dù, mo fi súwẹ́tà nù ún. Mo yan Faransé, mo ní kí ètò náà má gbàgbé, mo jáde kúrò lójú ewé yẹn. Mo tẹ A. A ló jáde.

Alhaja wọlé, kò jókòó. Mo pe Àpápá, mo kágò, mo dárúkọ rẹ̀, mo tẹ pásíwọọ̀dù bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n. Bàbá Àpápá ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹja inú ọkọ̀ ojú omi yẹn ló tò sójú wa, títúsì, kòtè, pánlá, pẹ̀lú iye páálí tó kù. Bí a ṣe ń wò ó, iye títúsì ń dín kù fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ń mú nínú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Mushin, ní Ìkòròdú, ní ibi tí a ò rí. Alhaja di ẹ̀yìn àga mi mú.

"Ṣé wọ́n ń rí wa?"

"Rárá, mà."

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe síbẹ̀. Ó ní, "Mú títúsì. Má bẹ̀rù, mú u dáadáa."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, bí ohùn Màámi ṣe máa ń pẹ́, Bàbá Àpápá sì wí pé òun ti gbà á, pé ká wá kó ẹja wa. Bọ̀dá Kúnlé ní Halelúyà, Alhaja ní Àlùhámúdùlílà, èmi ní mẹsí. Alhaja wá jókòó.

"Kútọnú, kí lorúkọ rẹ gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é, ó pè é bó ṣe yẹ. Ó ní orúkọ náà dára. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, Kútọnú, tún mú kòtè díẹ̀ sí i."

Oníṣọ́ọ̀bù Alábà ò gba kíbọọ̀dù òyìnbó yẹn padà, ó sì jókòó sórí firísà nínú ọ̀rá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àlùbáríkà ló wá jẹ́, nítorí pé nígbà tó yá, omi ẹja dà sínú ti Faransé, ó sì kú. Àyà mi já nígbà náà, ṣùgbọ́n Alhaja ò tilẹ̀ ronú sí i. Ó fa ọ̀rá ya, ó gbé ti òyìnbó síwájú mi, ó ní, "O máa kọ́ ọ ni." Kò dárúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ojú ewé yẹn, tí mo sún kúrò lórí Faransé. Mo dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ ná. Ìka mi ṣìnà fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀nà, títí tí mi ò fi ní láti wo ọwọ́ mọ́.

Ọdún Kérésì kan ni mo wá lọ sílé. Kọ̀ǹpútà ti wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ Pọ́bẹ̀, Músíè sì ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. A fẹ́ kí wọ́n fa tẹlifóònù wọ ilé Màámi. Músíè ní kí èmi tí mo ti Èkó dé, tí mo mọ kọ̀ǹpútà, bá òun tẹ orúkọ Màámi. Màámi dúró sẹ́yìn mi, ó ti wọ aṣọ tó dára wá. Ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà pé èmi lòun bí.

Àbẹ̀kẹ́ ni Màámi ń jẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e, mi ò wo ìsàlẹ̀. QBEKE ló jáde.

Músíè rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ wo lẹ̀ ń jẹ́ báyìí ní Nàìjíríà?" Àwọn tó wà lórí ìlà náà rẹ́rìn-ín. Mo yára pa á rẹ́, mo sáré tún un tẹ̀, Q náà ló tún jáde. Etí mi gbóná. Ní Èkó, Kútọnú ni mí. Ọwọ́ mi sì ti di ti ará Èkó ní Pọ́bẹ̀, ní ilé mi. Mo wo kíbọọ̀dù yẹn, A, Z, E, R, T, Y, ará ilé wa tí mo yọ̀ mọ́ nígbà kan ní Òkókómáíkò, mo sì ní láti máa wá lẹ́tà rẹ̀ bí àlejò.

Màámi ò mọ̀wé. Kò mọ ohun tó ṣì, ó kàn rí i pé mò ń kánjú. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Rọra tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."